Àpótí Àdúrà Tí Mo Sọ Di Kékeré

Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, tí mo bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tèmi, tí mo sì fẹ́ tẹ lẹ́tà O, ìka mi á kọ́kọ́ dúró lókè ná. Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín tó bá wù yín. Iṣẹ́ mi ni kọ̀ǹpútà. Èmi náà ni mo máa ń sọ fún àwọn àgbà pé, "Ẹ tẹ̀ ẹ́, kò ní bú gbàù." Àmọ́ lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn ń bà mí lẹ́rù, mo sì mọ ọjọ́ tí ẹ̀rù náà wọ̀ mí lára.

Iṣẹ́ sáìtì ni mò ń ṣe. Èmi ni mo máa ń to ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó bá débẹ̀ lè tètè rí ohun tó ń wá. Nígbà yẹn, Thamesmead nílùú òyìnbó ni mò ń gbé, ní àjà kẹta, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí adágún omi. Tábìlì oúnjẹ ni mo fi ń ṣe ọ́fíìsì. Tí oníbàárà bá fẹ́ rí ojú mi lórí kọ̀ǹpútà, mo ní láti gbé ìkòkò ọbẹ̀ kúrò lẹ́yìn mi kí n tó dáhùn.

Mo lẹ́nu nídìí iṣẹ́ yẹn o, mi ò ní purọ́. Ohun tó máa ń bí mi nínú jù ni kí èèyàn fi sùúrù kọ gbogbo nǹkan tí wọ́n ní kó kọ, kó wá tẹ̀ ẹ́, kí kọ̀ǹpútà sì gbé e síwájú rẹ̀ pé, "Nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀." Nǹkan kan bíi kí ni? Ta ló ṣe é? Ṣé èmi ni àbí ìwọ? Ṣé kí n dúró ni àbí kí n máa sá lọ? Mo ti bá àwọn oníbàárà fa ọ̀rọ̀ yìí débi tí ọ̀kan nínú wọn fi gé fóònù mọ́ mi létí. Mo máa ń sọ fún wọn pé bí ẹ bá máa dẹ́rù ba èèyàn, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an fún un, kí ẹ sì sọ ohun tó yẹ kó ṣe. Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́, ẹ yáa panu mọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìjọ aláṣọ funfun, wà nínú ilé kan tó ti fìgbà kan jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí, lọ́nà tó lọ sí etí odò. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, iṣẹ́ gbálẹ̀gbálẹ̀ àti wíwa bọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe, ẹni tó bá sì ríṣẹ́ ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdeè kò lè wá sí ìsìn àárín ọ̀sẹ̀. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ á kọ ọ́ sórí pépà, á kọ orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ìyá rẹ̀, torí orúkọ ìyá la fi ń gbàdúrà fún èèyàn. Á ká pépà náà, á jù ú sínú àpótí funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Ẹnikẹ́ni kì í kà á sókè. Àwọn aṣáájú méjì á gbàdúrà lé e lórí, wọ́n á sì dáná sun ún. Ohun tí èèyàn bá kọ síbẹ̀, eérú ló máa ń dà.

Ìyá Ìjọ wá ní kí n ṣe irú àpótí yẹn sórí sáìtì wa, kí ẹni tó wà níbi iṣẹ́ náà lè fi ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ ránṣẹ́.

Mo ṣe é. Mo kọ́kọ́ ṣe àpótí ńlá kan tí wọ́n á kọ ẹ̀bẹ̀ sí, tó fẹ̀ dáadáa, torí mo rò pé ẹni tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ máa ń lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni mo gbé e fún àwọn mọ́mì mélòó kan lẹ́yìn ìsìn, mo sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, mò ń wò wọ́n. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo máa ń fẹ́ mọ ibi tí ọwọ́ á ti dúró. Ọwọ́ gbogbo wọn ló dúró sójú kan náà. Ọ̀kan nínú wọn tẹjú mọ́ àpótí ńlá yẹn bí ọmọ iléèwé tí kò kàwé wá sí ìdánwò, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé dandan ni kí n kún un ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo sọ àpótí náà di kékeré, ìlà kan ṣoṣo péré. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn ló kọ tiwọn, kíá mọ́sá. Mo ṣe yanga! Mo tún ní kí wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù ṣọ́ọ̀ṣì sórí tábìlì lẹ́yìn, nítòsí ibi tí à ń bọ́ bàtà sí, kí ẹni tí fóònù rẹ̀ bá ń ṣe agídí lè lò ó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àṣìṣe tí mo ṣe. Búráúsà, ìyẹn ohun tí a fi ń ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í tọ́jú ohun tí èèyàn bá kọ sínú àpótí ńlá. Àmọ́ èyí tó jẹ́ ìlà kan, ó máa ń tọ́jú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ yẹn, kó lè fi ran èèyàn lọ́wọ́. Bí ẹlòmíì bá débẹ̀ tó tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́, gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀ tó fi lẹ́tà yẹn bẹ̀rẹ̀ á já wálẹ̀, á tò rẹrẹ bí ẹni pé kó mú èyí tó wù ú. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló yẹ kí n fi kún iṣẹ́ náà láti sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù ni mò ń rò, kálukú àti tirẹ̀. Mo gbàgbé pé láptọ́ọ̀pù ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, gbogbo wa la jọ ni ín.

Ẹ sì wo irú àwa tí mo ṣe é fún! Àwa tí gbogbo àdúrà wa, látorí ọmọdé dórí àgbà, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: Olúwa.

Sọ́ńdè kan, lẹ́yìn ìsìn, Dádì kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wíwà fà mí lọ́wọ́ aṣọ pé kí n wá fi bí wọ́n ṣe ń lo láptọ́ọ̀pù náà han òun. Sísítà kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀. Dádì jókòó, wọ́n na ìka kan ṣoṣo, wọ́n wá O títí wọ́n fi rí i, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Bí nǹkan ṣe já wálẹ̀ nìyẹn, ìlà lórí ìlà.

"Háà! Ó ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ!" Inú Dádì ń dùn.

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú láptọ́ọ̀pù náà, mo bi wọ́n pé, "Dádì, awò ojú yín dà?" Wọ́n fọwọ́ kan imú wọn, awò ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ó wà nínú ọkọ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ kí wọ́n lọ mú un wá, èmi ọmọdé tí mò ń rán àgbàlagbà níṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo gbé ọwọ́ mi kúrò. Olúwa, ọkọ mi kò tíì mọ̀ pé. Olúwa, jẹ́ kí ọmọ mi jáde ní. Olúwa, má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ níbi iṣẹ́ pé. Ibi tí àyè pin sí ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti gé. Ó yẹ kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mi ò pa á rẹ́. Mo tẹ ẹ̀kẹta, kí n lè rí ìyókù. Mi ò ní àwíjàre kankan, mo kàn tẹ̀ ẹ́ ni. Ohun tó jáde síta ni pé:

"Olúwa, má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ níbi iṣẹ́ pé orúkọ tí mò ń jẹ́ kì í ṣe tèmi. Àdúrà tí ìyá òyìnbó yẹn fi orúkọ olórúkọ gbà fún mi kó tó kú, jẹ́ kó rí mi."

Kò sí orúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmọ́ mo mọ ẹni tó kọ ọ́. Mo jókòó sórí àga Dádì.

Àǹtí ni. Kì í ṣe ẹbí mi o, àmọ́ kò sí ohun tí ẹbí ń ṣe tí kò ṣe fún mi. Ilé kejì sí tèmi ni wọ́n ń gbé ní Thamesmead. Nígbà tí mo dé sí àdúgbò náà tí mi ò mọ ẹnì kankan, àwọn ni wọ́n gbé tìmùtìmù àti ìkòkò wá bá mi, tí wọ́n sì wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ yìí, ṣé o máa ń jẹun ṣá?" Ilé ìtọ́jú arúgbó kan lẹ́bàá Plumstead Common ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì rí nípa ìyá òyìnbó kan tó kú sí wọn lọ́wọ́ níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Pé ìyá náà di ọwọ́ wọn mú, ó ń súre, ó ń dárúkọ, ó ń súre, ó ń dárúkọ. Gbogbo wa ké halelúyà. Mi ò mọ̀ pé orúkọ ẹlòmíì ni ìyá náà ń pè.

Ìwé ẹlòmíì ni Àǹtí fi ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé etí ìmígíréṣọ̀n, iṣẹ́ lọ, ilé lọ, àtìmọ́lé ló kù, lẹ́yìn náà ọkọ̀ òfuurufú. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti lò níbí, ọmọ méjì ni wọ́n sì ń fi owó iṣẹ́ yẹn tọ́ ní Ìjẹ̀bú. Gbogbo ayé obìnrin yìí ló wà nínú ìlà kan tí èmi fi ọwọ́ ara mi gé kúrú.

Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí Dádì tó dé. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí Sísítà tó dìde kí àwa tó jókòó. Yéè, mo gbé! Ilé ìtọ́jú kan náà ni òun àti Àǹtí ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló pẹ́ jù níbẹ̀, òun ló ń tò wọ́n síṣẹ́. Ó pẹ́ nídìí láptọ́ọ̀pù yẹn. Ó dájú pé ó ti tẹ O.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni mo tún àpótí náà ṣe, kò gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo lè tẹ̀ tó máa yọ ohun tí ojú èèyàn ti rí kúrò. Bí mo bá rí ọkọ̀ funfun tó dúró nísàlẹ̀ ilé wa, màá rò pé ti ìmígíréṣọ̀n ni, màá sì máa wò ó títí tí ẹni tó wà á á fi sọ̀ kalẹ̀, tí màá sì rí i pé àga ló ń gbé. Sísítà pàdé mi ní Woolwich, ó kí mi, ó rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ẹ̀rín náà: kí ló ń rín? Kí ló dé tí eyín rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lónìí? Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, ojú sì ń tì mí. Mo gbọ́dọ̀ sọ fún Àǹtí.

Àmọ́ ṣé màá dárúkọ Sísítà? Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, tí kò bá sì rí nǹkan kan ńkọ́? Mo ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àgbà obìnrin méjì nìyẹn, nínú ìjọ kan náà, níbi iṣẹ́ kan náà. Mo pinnu pé màá sọ̀rọ̀, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ọgbọ́n ni.

Mo bá Àǹtí ní Beresford Square lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ń dúnàádúrà ọ̀gẹ̀dẹ̀ níwájú ìsọ̀ kan nítòsí ẹnubodè àtijọ́ tó wà lọ́jà náà. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wọn, mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ kan."

Wọ́n wo ikùn mi. "Ṣé oyún ni?"

"Àǹtí! Rárá o."

"Ó dáa, wá gbé báàgì yìí. Ẹni tí ò lóyún lè gbé báàgì."

A lọ dúró sí ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe lè sọ ọ́: àpótí kékeré, láptọ́ọ̀pù, bó ṣe já wálẹ̀. Mo ní mo ti rí ohun tí wọ́n kọ. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọn ò bú mi. Ìbá dáa kí wọ́n bú mi! Wọ́n kàn ń di etí ọ̀rá ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, wọ́n ń tú u, wọ́n tún ń dì í.

"Ṣé ìwọ nìkan lo rí i?"

"Rárá, Àǹtí. Mo rò pé ẹnì kan ti rí i ṣáájú mi."

"Ta ni?"

"Ẹnì kan ṣá ni, Àǹtí."

"Ará ṣọ́ọ̀ṣì ni àbí ará ibi iṣẹ́?"

Mo wolẹ̀. Mo ní, "Ó lè jẹ́ méjèèjì."

Wọ́n bi mí pé kí ni kí àwọn ṣe báyìí. Mo ní mi ò mọ̀. Mo rí i tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lára àwọn tó dúró pẹ̀lú wa níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin tó ń jẹ ẹ̀pà, ìyá tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́, obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́. Wọ́n ń wo gbogbo wọn bí ẹni tó ń wá ojú tó mọ̀. Bọ́ọ̀sì Thamesmead dé, mo ní ká wọlé. Wọ́n ní kí n máa lọ, àwọn fẹ́ ra iyọ̀. Wọ́n yọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì fún mi nínú ọ̀rá, wọ́n gbá mi léjìká pẹ́pẹ́, wọ́n ní, "O ṣeun tí o sọ fún mi." Mi ò lè wo ojú wọn.

Wọn ò wá sí ìsìn lọ́jọ́ kejì. Mo pè wọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè, fóònù ò lọ. Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo lọ sílé wọn. Obìnrin tó ń gbé yàrá kejì ló ṣílẹ̀kùn, ó ní àti ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n ti gbé báàgì kan jáde, wọn ò sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ó jẹ́ kí n yọjú sí yàrá wọn. Bẹ́ẹ̀dì ti wà ní títẹ́, ìkòkò wà níbẹ̀, sùtánà funfun wọn ṣì kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ti lọ̀ ọ́ sílẹ̀ de Sọ́ńdè. Mo dì í mú, mo sunkún bí ọmọdé.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Sísítà dá mi dúró níta ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. "Níbo ni Àǹtí rẹ wà? Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọn ò ti yọjú síbi iṣẹ́. Mo ti parọ́ fún máníjà títí, irọ́ ti tán lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ Fúráìdeè, ó gbé fáìlì wọn jáde, ó ní òun fẹ́ yẹ ìwé wọn wò."

Gbogbo ẹ̀rù ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ru sókè sí mi lórí. Mo gbàgbé pé ó jù mí lọ. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ ṣe! Ẹ ti rí àdúrà wọn lórí láptọ́ọ̀pù yẹn, àbí ẹ ò rí i? Ẹ̀yin lẹ lọ sọ!"

Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fà mí wọ àárín ọkọ̀ méjì.

"Mo rí i," ó ní. "Mo rí i, mo sì ṣe àmín sí i. Ìwọ ọmọ yìí, àbúrò mi ló ni orúkọ yẹn. Ìwé àbúrò mi ni. Èmi ni mo mú wọn lọ síbi iṣẹ́ yẹn, ó ti di ọdún mẹ́fà tí mo ti ń fi orúkọ àbúrò mi pè wọ́n níwájú òyìnbó. Tí wọ́n bá mú wọn, èmi ni wọ́n máa mú tẹ̀ lé e. Ta ni màá lọ sọ fún?"

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lápá mi, kò fi mí sílẹ̀.

"Kí lo sọ fún wọn gan-an?" ó bi mí.

"Mo sọ fún wọn pé ẹnì kan ti rí i."

"Ṣé o sọ fún wọn pé èmi ni, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò séwu?"

Mo ní rárá.